Páìpù kúlà gíà lórí Silverado 2004: èwo ló ń jáde, èwo ló ń padà?

Ọmọ_Ẹdẹ (Houston), ọjọ́ Àìkú, aago 9:40 alẹ́

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ gíà ni mo gbé wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó dá mi lóhùn, nítorí ọkọ̀ yìí ni mo fi ń jẹun.

Silverado 1500 ti ọdún 2004 ni, ẹ́ńjìnì 5.3, gíà ọ̀tòmátíìkì tí wọ́n ń pè ní 4L60-E. Mo máa ń ra ọkọ̀ ní gbàǹjo ní Dallas, màá wọ́ ọ lórí tírélà gba títì I-45 wá sí Houston. Nígbà mìíràn màá wọ́ ọ dé èbúté Galveston, níbi tí yóò ti wọkọ̀ òkun lọ sí Èkó. Láti Dallas dé Galveston á tó 290 máìlì. Oṣù Kẹjọ la sì wà yìí, oòrùn Texas kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, rédíétọ̀ mi sán lójú ọ̀nà, mẹkáníìkì kan tó wà nítòsí sì bá mi fi tuntun sí i. Kó tó sán, tí mo bá fi skánà (ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀) wo ìgbóná ọ́ìlì gíà, kì í kọjá 200°F, ìyẹn 93°C, kódà bí ẹrù bá wà lẹ́yìn. Lánàá mo wọ́ Camry kan ṣoṣo, kí n tó dé Huntsville ó ti di 241°F, ìyẹn 116°C. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà fún wákàtí kan gbáko kó tó rọlẹ̀.

Ohun tí mo rí nìyí nígbà tí mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Páìpù irin méjì ló ti ara gíà wá. Ọ̀kan lọ sí rédíétọ̀. Èkejì lọ sí kúlà kékeré, ìyẹn ohun tó ń tu ọ́ìlì gíà, tó wà níwájú kọndẹ́nsà éésì (rédíétọ̀ ti éésì). Họ́ọ̀sì rọ́bà kan ló wá so kúlà kékeré yẹn pọ̀ mọ́ rédíétọ̀. Mo pe mẹkáníìkì náà, ó ní kò sí èyí tó burú nínú gbogbo rẹ̀, pé ọ́ìlì ṣáà ń yípo ni. Ṣé òótọ́ ni?

---

Ìjẹ̀bú_Lórí_Títì (Ṣágámù), ọjọ́ Àìkú, aago 10:15 alẹ́

Bọ̀dá, òótọ́ ló sọ o. Kúlà kò mọ iwájú, kò mọ ẹ̀yìn. Ibi yòówù kí ọ́ìlì gbà wọlé, ó máa gba ibi kejì jáde. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ́ìlì yín ló dín. Ẹ fa géèjì, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ kí ẹ wò ó.

---

Bàbá_Gíà (Ìbàdàn), ọjọ́ Ajé, aago 6:05 òwúrọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Ìdajì òótọ́ ni àbúrò mi tó wà ní Ṣágámù sọ, ìdajì yòókù ló sì ń ba gíà jẹ́. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń tú gíà, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Òótọ́ ni pé bí a bá mú kúlà kan ṣoṣo, ẹnu rẹ̀ méjèèjì jọra. Ọ̀tún wọlé, òsì jáde, tàbí òsì wọlé, ọ̀tún jáde, ó ń tutù bákan náà. Ṣùgbọ́n ọmọ mi tó wà ní Houston kò ní kúlà kan ṣoṣo. Méjì ló ní. Èyí tó wà nínú rédíétọ̀, omi ló ń tù ú. Èyí tó wà níwájú, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Ìgbà tí kúlà bá di méjì, èyí tó ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré mọ́.

Gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì tó ti inú tọ́ọ̀kì kọnfátà (ohun tó so ẹ́ńjìnì pọ̀ mọ́ gíà) jáde ló gbóná jù nínú gbogbo gíà, pàápàá bí o bá ń wọ́ ẹrù gun òkè. Òun ló ń gba páìpù ìjáde lọ sí kúlà. Èyí tó bá sì padà wá, òun ni gíà fi ń pa búṣì àti béárìn inú rẹ̀ lára kó tó ṣàn padà sínú páànù nísàlẹ̀. Nítorí náà, ọ́ìlì tó padà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó tutù jù lọ nínú gbogbo ìrìn àjò rẹ̀.

Omi inú rédíétọ̀ ńkọ́? Bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná dé ojú ìwọ̀n, omi yẹn á wà ní nǹkan bí 195 sí 210°F. Ọ́ìlì tó bá kọjá láàárín rẹ̀ kò lè tutù ju omi náà lọ. Bí ọ́ìlì bá jáde ní 250, tó kọ́kọ́ lọ sí rédíétọ̀, omi á fà á wálẹ̀ sí nǹkan bí 210. Lẹ́yìn náà, kúlà afẹ́fẹ́ á tún fà á wálẹ̀ sí i kó tó padà wọ gíà. Ìyẹn ló dára. Ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì bá kọ́kọ́ lọ sí kúlà afẹ́fẹ́, tó tutù dé 170, tó wá gba inú rédíétọ̀ kọjá, omi á tún un gbóná. Ó dà bí ẹni tó wẹ̀ tán tó wá lọ jókòó ti ààrò.

Ohun tí mo fura sí nìyẹn. Mẹkáníìkì tó fi rédíétọ̀ sí i kò jí nǹkan kan, kò sì fọ́ nǹkan kan. Ó kàn gbé páìpù ìjáde lé kúlà, ó gbé páìpù ìpadà lé rédíétọ̀.

Lórí 4L60-E, páìpù ìsàlẹ̀ ló ń jáde, tòkè ló ń padà. Kì í ṣe gbogbo gíà ló rí bẹ́ẹ̀ o. Lórí gíà E4OD ti Ford, ti iwájú ló ń jáde, ti ẹ̀yìn ló ń padà. Fún ìdí yìí, má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ tán, má sì gba ti ẹlòmíràn gbọ́ tán. Wò ó fúnra rẹ. Ní òwúrọ̀ tí ọkọ̀ bá ti tutù pátápátá, sọ ọ́ sí páàkì, fa bíréèkì ọwọ́, fi igi dí táyà, kí o wá tanná sí ẹ́ńjìnì. Di páìpù méjèèjì mú nítòsí gíà, ọwọ́ kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá kọ́kọ́ móoru ni ìjáde. Tẹ̀ lé e pẹ̀lú ojú títí dé ibi tó ń lọ, kí o wá padà wá sọ fún wa.

---

Ìjẹ̀bú_Lórí_Títì (Ṣágámù), ọjọ́ Ajé, aago 7:30 òwúrọ̀

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà. Oníkúlà kan ni ọkọ̀ tèmi, mi ò ronú dé ibi kúlà méjì.

---

Ọmọ_Ẹdẹ (Houston), ọjọ́ Ajé, aago 2:20 ọ̀sán

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á dá yín sí. Mo ṣe é gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí. Páìpù ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ móoru lóòótọ́. Mo tẹ̀ lé e, kúlà iwájú ló lọ tààrà. Láti kúlà ló wá wọ rédíétọ̀, láti rédíétọ̀ ló wá padà wọ gíà.

Mo tún yá ìbọn kékeré tí wọ́n fi ń wo ìgbóná ohun èlò. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń yìn sí wa níwájú orí nígbà Kòró o, ìyẹn kò lè ka ohun tó gbóná ju ara ènìyàn lọ púpọ̀. Mo wa ọkọ̀ náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìwọ́ ẹrù, mo dúró, mo sì yìn ín sí ara páìpù. Ibi tí ọ́ìlì ti jáde nínú gíà jẹ́ 207. Ibi tó ti jáde nínú kúlà iwájú jẹ́ 158. Ibi tó ti jáde nínú rédíétọ̀ tó fẹ́ padà wọ gíà jẹ́ 194. Èmi fúnra mi rí bí ó ṣe tutù tán tó tún gbóná padà.

---

Ìyá_Ìbejì (Minnesota), ọjọ́ Ajé, aago 8:10 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Mo kí gbogbo yín. Ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ tó ń ti yìnyín ṣe ni mo ti ń ṣiṣẹ́, píkọ́ọ̀pù tó ní irin pẹlẹbẹ ńlá níwájú. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kì í ṣe láti ta ko Bàbá.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ bọ̀dá yìí, níbí a máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Kúlà afẹ́fẹ́ á ṣáájú, rédíétọ̀ á kẹ́yìn. Ìdí ni pé ní oṣù Kìíní, ìta lè tutù dé 30 ní ìsàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n Celsius. Bí ọ́ìlì bá ti kúlà afẹ́fẹ́ padà tààrà sínú gíà nínú òtútù yẹn, á ki bí àmàlà, gíà á máa wọlé tagbáratagbára tàbí kó máa pẹ́ kó tó wọlé. Bí rédíétọ̀ bá kẹ́yìn, omi ẹ́ńjìnì á mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó padà. Àwọn kúlà mìíràn tún wà tí ilẹ̀kùn kékeré wà nínú wọn: bí ọ́ìlì bá tutù, kò ní jẹ́ kó gba inú kúlà kọjá, á ṣẹ́ ẹ padà.

Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ṣe ọkọ̀ yín ti kọ́ṣẹ́ níbi tó tutù. Ṣùgbọ́n ní Houston, nínú oṣù Kẹjọ, pẹ̀lú tírélà lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ Bàbá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Rédíétọ̀ kọ́kọ́, kúlà kẹ́yìn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òtútù nìkan ló gba gíà là níbí o. Ọkọ̀ tó ń ti yìnyín, iwájú-ẹ̀yìn, iwájú-ẹ̀yìn ni, ní máìlì márùn-ún láàárín wákàtí kan, irin ńlá iwájú yẹn sì ń dí afẹ́fẹ́. Mo ti rí ọ́ìlì gíà tó jó dúdú ní ọjọ́ tí omi ń di yìnyín ní ìta.

---

Akẹ́rù_Káṣú (Ògbómọ̀ṣọ́), ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5:50 òwúrọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi náà, bóyá á ṣe ẹlòmíràn lóore.

Píkọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ ni mo fi ń kó káṣú lọ sí Ìbàdàn. Fún ọdún méjì gbáko, omi kànga ni mò ń bù sínú rédíétọ̀, mi ò ra kúláǹtì, omi rédíétọ̀ tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, rí. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé gíà ní ohun kan ṣe pẹ̀lú rédíétọ̀. Ní ọjọ́ kan ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n bí mo bá tẹ iná. Mo fa géèjì gíà yọ. Ọ́ìlì tó yẹ kó pupa bí osùn ti di nǹkan bí ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n bu epo pupa sí. Nígbà tí mo ṣí ìdérí rédíétọ̀, irú rẹ̀ kan náà ló léfòó síbẹ̀.

Ìpẹtà ti jẹ kúlà tó wà nínú rédíétọ̀, omi àti ọ́ìlì ti pàdé. Kí n tó wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tú, gíà ti lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn odindi kan ni mo fi san owó rẹ̀.

Láti ìgbà náà mi ò so gíà mọ́ rédíétọ̀ mọ́. Mo ra kúlà afẹ́fẹ́ tó tóbi, mo so gíà mọ́ ọn tààrà. Ìmọ̀ràn mi fún Ọmọ Ẹdẹ ni pé kó yọ rédíétọ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí pátápátá. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀ kò lè bẹ́.

---

Bàbá_Gíà (Ìbàdàn), ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:40 òwúrọ̀

Akẹ́rù, pẹ̀lẹ́ o, ó dùn mí. Mo ti tú irú gíà bẹ́ẹ̀ ju bí mo ṣe lè kà lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọ́ìlì tuntun fọ̀ lásán. Àwọn dísíìkì inú gíà, irin ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n fi àtè lẹ nǹkan bíi páálí mọ́ wọn lára. Àtè yẹn kò fẹ́ omi, kò sì fẹ́ kúláǹtì. Bí omi bá ti dé ibẹ̀, páálí yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Bí ọkọ̀ bá sì ti dúró sílẹ̀, tí ẹ́ńjìnì kú, agbára ṣì wà nínú rédíétọ̀ gbígbóná, òun á máa ti omi wọ inú ọ́ìlì. Ẹni tó bá rí àwọ̀ yẹn lórí géèjì, kó má tanná sí ọkọ̀ mọ́. Kó jẹ́ kí wọ́n fà á.

Ní ti yíyọ rédíétọ̀ kúrò, mi ò bá ọ jà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò sí òtútù tí a fẹ́ fi omi ẹ́ńjìnì lé. Ṣùgbọ́n kúlà afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ. Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ tí ọkọ̀ ń sáré, ó ń rí i jẹ. Bí o bá wá bọ́ sínú gosíló ní Ìwó Road fún wákàtí kan, kí ni yóò jẹ? Ìgbà yẹn ni kúlà inú rédíétọ̀ wúlò jù, nítorí omi ń yí, fáànù ń fẹ́, ọkọ̀ ì báà dúró sójú kan. Bí o kò bá ní i, fi fáànù oníná síwájú kúlà rẹ.

Èmi ò ní bá ẹni tó ń wọ́ tírélà yọ ọ́. Kó fi kúláǹtì gidi sínú rédíétọ̀, kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Bí rédíétọ̀ bá sì ti gbó, kó pààrọ̀ rẹ̀ kó tó bẹ́.

Ó kù nǹkan kan tó ń dùn mí nílé wa níbí. Mẹkáníìkì á yọ tẹ́mósítáàtì (ilẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná tó) jù nù, á ní ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ́ńjìnì tí kò dé ojú ìgbóná rẹ̀ ń jẹ epo, ó sì ń jẹ ara rẹ̀.

---

Ọmọ_Ẹdẹ (Houston), ọjọ́ Ọjọ́rú, aago 9:00 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Mo ti yí i padà. Páìpù ìsàlẹ̀ gíà wọ rédíétọ̀ báyìí, rédíétọ̀ wọ kúlà, kúlà padà sí páìpù òkè. Ó gba pé kí n tẹ họ́ọ̀sì rọ́bà kan kọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì kó tó dé ibi tó ń lọ.

Lónìí mo wọ́ ọkọ̀ kan láti Dallas. Ó sàn, ṣùgbọ́n kò tíì dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó dé 222°F, ìyẹn 106°C, kò sì rọlẹ̀ títí mo fi dé ilé. Kí ló kù?

---

Bàbá_Gíà (Ìbàdàn), ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, aago 6:00 òwúrọ̀

"Kọrọ" tí o sọ yẹn, òun ni mo gbọ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ.

Wọn iye ọ́ìlì tó ń kọjá. Jẹ́ kí ọ́ìlì lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, má jẹ́ kó gbóná, nítorí ọ́ìlì gíà gbígbóná ń bó ènìyàn lára. Yọ páìpù òkè níbi tó ti ń padà wọ gíà, fi họ́ọ̀sì gígùn sí i, kí o tọ́ ọ sínú ike tó ní àmì lítà lára. Ẹnìkan á tanná sí ọkọ̀ ní páàkì, ẹnìkejì á wo aago. Bí ó bá ti pé lítà kan, pa á. Má jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, torí gíà á bẹ̀rẹ̀ sí fa afẹ́fẹ́. Ọ̀nà tó mọ́ yẹ kó fún ọ ní lítà kan láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Bí ó bá pẹ́ ju 30 lọ, ohun kan ń dí i. Da ọ́ìlì tó jáde padà, tí ó bá mọ́.

---

Ìyá_Ìbejì (Minnesota), ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, aago 7:25 òwúrọ̀

Bọ̀dá Ẹdẹ, nígbà tí ẹ bá tún ń ṣí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo họ́ọ̀sì yẹn dáadáa. Ìbí yìí ni mo ti rí i tí ọkọ̀ jóná, ìdí nìyẹn tí màá fi sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Họ́ọ̀sì omi kò dára níbẹ̀ rárá, ọ́ìlì á mú un rọ̀, á sì wú. Họ́ọ̀sì tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ti ọ́ìlì gíà ni kí ẹ rà, èyí tó lè gba ooru àti agbára rẹ̀. Ẹ wo orí páìpù irin tí ẹ fẹ́ kì í bọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní òrùka kékeré tó yọ sókè lára rẹ̀. Bí wọ́n bá gé páìpù náà tó sì dán gbọ̀ọ̀rọ̀, họ́ọ̀sì á yọ ní ọjọ́ kan, kílíìpù ì báà fún bí ìgbà mélòó. Ẹ ti họ́ọ̀sì kọjá òrùka yẹn, ó kéré tán íǹṣì kan, kílíìpù á wá jókòó lẹ́yìn òrùka. Ẹ fún un, ṣùgbọ́n kó má gé rọ́bà.

Níbi tí páìpù ti wọ rédíétọ̀ lórí irú ọkọ̀ yín, titẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ wọlé, kì í ṣe lílọ́. Wáyà kékeré kan ló ń gbá a mú nínú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ẹ ó fi gbọ́ "kọ́", kí ẹ wá fà á padà gan-an láti mọ̀ bóyá ó ti mú. Ìdérí ike kan wà lára páìpù tó yẹ kó yọ́ wá bò ó. Bí páìpù kò bá wọlé tán, ìdérí yẹn kò ní jókòó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi téèpù funfun onípọ́ńbà wé e, nítorí wóróbo rẹ̀ ń já sínú ọ́ìlì, ó sì ń lọ dí ihò tín-ín-rín inú gíà.

Ọ́ìlì gíà tó bá kán sí ara ẹ́sọ́ọ̀sì ń gbiná. Mo fi ọwọ́ ara mi pa irú iná bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

---

Akẹ́rù_Káṣú (Ògbómọ̀ṣọ́), ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, aago 8:00 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé é. Mo lọ wo tèmi lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín. Páìpù kan dán gbọ̀ọ̀rọ̀ lóòótọ́, kílíìpù méjì ni wọ́n fi lé e lórí. Màá gbé e lọ lọ́la kí wọ́n bá mi ṣe òrùka sí i.

Ìbéèrè kan: kúlà tèmi, ẹnu rẹ̀ méjèèjì kọjú sí ilẹ̀. Ṣé ó burú?

---

Bàbá_Gíà (Ìbàdàn), ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, aago 9:10 alẹ́

Yí i kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè tàbí sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹnu bá kọjú sílẹ̀, afẹ́fẹ́ lè há sí apá òkè, ibi tí afẹ́fẹ́ bá wà, ọ́ìlì kò dé ibẹ̀. Má sì fi wáyà gun ihò rédíétọ̀ láti so ó mọ́ ọn. Irin pẹlẹbẹ ni kí wọ́n fi gbé e, kó má gbọ̀n.

---

Ọmọ_Ẹdẹ (Houston), ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 10:30 alẹ́

Bàbá, Ìyá Ìbejì, Akẹ́rù, gbogbo yín, ẹ gbọ́.

Mo wọn ọ́ìlì náà ní àná. Lítà kan gba ìṣẹ́jú àáyá 41. Ọkàn mi já. Mo yọ họ́ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, mo fi ìka tẹ ibi tó ti ṣẹ́ kọrọ. Inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Nígbà tí mo wo ara rẹ̀, họ́ọ̀sì epo bẹntiróòlù ni wọ́n kọ sí i. Ìyẹn ni mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ti lò, èmi náà kàn lò ó padà láìwò ó.

Mo ra họ́ọ̀sì ọ́ìlì gíà, mo gba ọ̀nà tó gùn díẹ̀ yípo abẹ́ bátìrì kó má baà ṣẹ́. Mo tún un wọ̀n: lítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá 17.

Mo tún tú páànù gíà wò nítorí 241 tó ti dé rí. Ìyẹ̀fun eérú díẹ̀ ló wà lára mágínẹ́ẹ̀tì, kò sí irin wẹ́wẹ́, kò sí páálí tó ṣí. Mo pààrọ̀ fíítà, mo sì fi ọ́ìlì gíà tuntun tó ń jẹ́ Dexron VI sí i. Bàbá, ṣé Dexron VI dára fún ọkọ̀ ọdún 2004? Dexron III ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀.

Lónìí mo wọ́ ọkọ̀ láti Dallas dé Galveston. Oòrùn mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Ibi tó ga jù tó dé ni 196°F, ìyẹn 91°C, nítòsí Huntsville níbi tí ilẹ̀ ti ń gùn tó ń sọ̀. Nígbà tí mo dé pẹrẹsẹ, ó padà sí 184. Mo rí orun sùn lálẹ́ àná fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

---

Bàbá_Gíà (Ìbàdàn), ọjọ́ Àìkú, aago 5:45 òwúrọ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Dexron VI dára níbẹ̀, wọ́n ṣe é kó lè rọ́pò III. Wo géèjì rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí gíà bá gbóná, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ ní páàkì. Ẹni tó bá wò ó ní tútù tàbí tí ẹ́ńjìnì kú, irọ́ ni géèjì máa pa fún un. Fífi họ́ọ̀sì tó gùn jù ti tẹ́lẹ̀ sí i ti jẹ ọ́ìlì díẹ̀, nítorí náà ó lè béèrè fún kékeré. Má kún un jù.

---

Ìyá_Ìbejì (Minnesota), ọjọ́ Àìkú, aago 11:20 àárọ̀

Inú mi dùn púpọ̀. Bọ̀dá, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ yín lẹ́yìn ìrìn àjò méjì sí i, níbi kílíìpù kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà tuntun máa ń jókòó, kílíìpù á sì tú díẹ̀. Ẹ tún un fún.

---

Ọmọ_Ẹdẹ (Houston), ọjọ́ Àìkú, aago 4:00 ìrọ̀lẹ́

Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀kan. Méjì nínú kílíìpù ti tú díẹ̀ bí ẹ ṣe wí, mo ti fún wọn. Ọ́ìlì gba nǹkan bí ìdajì lítà kó tó dé ojú àmì.

Mo sì ti fi ọ̀dà kun páìpù méjèèjì, láti ara gíà títí dé iwájú. Èyí tó ń jáde, pupa. Èyí tó ń padà, funfun. Mo kọ ọ́ sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, kí ẹni tó bá tún fọwọ́ kan rédíétọ̀ yìí lọ́jọ́ iwájú lè rí i kó tó mú sípánà: PUPA WỌ RÉDÍÉTỌ̀, RÉDÍÉTỌ̀ WỌ KÚLÀ, FUNFUN PADÀ SÍ GÍÀ.